Ṣòkòtò Àgbàbọ̀

Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bani mu. Ọgbọ́n tí a yá lọ́wọ́ ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí ṣòkòtò àgbàbọ̀.

Lọ́dún 2023, lọ́yà kan ní New York ń ṣe ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ní ọmọlanke oúnjẹ gbá òun lórúnkún nínú ọkọ̀ òfuurufú. Lọ́yà náà ní kí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, wá àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí yóò gbe ọ̀rọ̀ òun lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ kó wọn wá, àmọ́ kò sí ilé ẹjọ́ tó dá mẹ́fà nínú wọn rí. Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́yà náà bi ẹ̀rọ ọ̀hún bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀rọ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gbà á gbọ́. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé lọ́yà náà, lọ́yà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ wọn.

Alákọ̀wé gidi mà ni lọ́yà yẹn o! Ọmọ tó wá ń da iṣẹ́ àmúrelé kọ látinú fóònù ńkọ́, kí ni yóò fi mọ irọ́?

Mi ò ní ká gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá wá dáhùn, kí wọ́n bi í pé, “Níbo lo ti rí i?” kí wọ́n sì lọ wo ibẹ̀.