Bí A Bá Bo Ojú Ọmọ, Ká Má Bo Orúkọ Rẹ̀

Bí 31 oṣù kẹwàá bá ti ń sún mọ́lé lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awuyewuye kan náà ni í máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn òbí Yorùbá tí ń tọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn kan ní Halloween, ọdún tí àwọn ọmọdé ń paradà tí wọ́n sì ń gba súìtì láti ilé dé ilé, kò ní wọ ilé àwọn, nítorí ọdún òkú òun àjẹ́ ni. Àwọn mìíràn ní eré ọmọdé ni, kí a ra aṣọ fún wọn, kí a fi súìtì sí wọn lọ́wọ́, kí a ya fọ́tò, ó parí. Aṣọ ni tọ̀tún tòsì ń wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi òṣùwọ̀n ọmọlúàbí wọn ọ̀rọ̀ náà yóò béèrè ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí ó bá ti wọ aṣọ náà tán, àti ohun tí àgbà inú ilé ń ṣe lójú ọmọ. Èrò tèmi ni pé ilé ọmọlúàbí lè ṣe Halloween kí ìwà má sì bàjẹ́ níbẹ̀, bí a bá pa òfin kan mọ́: a lè bo ojú ọmọ, a kò gbọ́dọ̀ bo orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn mọ òun, tí ó sì mọ ilé tí òun ti jáde, ní ohun tí yóò dá a lọ́wọ́ kọ́ kódà bí ojú rẹ̀ kò bá hàn.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀. Ní ọdún 1976, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn tí ń jẹ́ Ed Diener àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lálẹ́ Halloween ní ìlú Seattle. Ilé 27 ni wọ́n lò, àwọn ọmọ tí ó yà síbẹ̀ sì lé ní 1,300. Bí àwọn ọmọ bá kanlẹ̀kùn, obìnrin kan á ṣí i, á kí wọn, á ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú súìtì kan ṣoṣo, á sì wọ yàrá mìíràn lọ bí ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Owó ẹyọ wà nínú abọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì náà, ẹnì kan sì sá pamọ́ tí ń wò wọ́n. Obìnrin náà bi àwọn ọmọ kan ní orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé kí ó tó fi wọ́n sílẹ̀. Kò bi àwọn yòókù ní nǹkan kan. Nínú àwọn tí ó dá wá, tí a sì bi lórúkọ, àwọn tí ó jí nǹkan kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Nínú àwọn tí ó kó ara wọn wá, tí ẹnikẹ́ni kò bi lórúkọ, àwọn tí ó jí nǹkan ju ìdajì lọ. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn aláìlórúkọ tí a sọ fún pé ọmọ tí ó kéré jù láàárín wọn ni a ó bi bí nǹkan bá dín: àwọn ẹ̀gbọ́n rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, wọ́n bá na ọwọ́. Irú ọmọ kan náà ni gbogbo wọn, ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Ìbéèrè kúkúrú lẹ́nu ọ̀nà, àti bóyá ọmọ dá wá tàbí ó bá ẹgbẹ́ wá, ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn àgbà wa bá ń sọ fún ọmọ tí ń jáde nílé pé kí ó rántí ọmọ ẹni tí ó ń ṣe, ohun tí wọ́n ń ṣọ́ra fún nìyẹn.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tí ń hùwà rere nítorí pé a mọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọlúàbí, ẹ̀rù ni ó ń bà á. Òótọ́ wà níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti àgbàlagbà. Àgbà tí kò lè ṣe rere àfi bí ojú bá wà lára rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n a kò bí ìtìjú mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ojú àwọn ẹlòmíràn ni ó ti ń kọ́ ọ, títí ojú ara rẹ̀ yóò fi tó o. Nínú ìwádìí mìíràn tí Diener bá Arthur Beaman ṣe, tí ó jáde ní 1979, wọ́n gbé dígí sẹ́yìn abọ́ súìtì. Àwọn ọmọ tí a ti bi lórúkọ, tí wọ́n sì rí ara wọn nínú dígí náà, kò jí nǹkan tó àwọn tí kò sí dígí níwájú wọn. Kò sí àgbà kankan ní yàrá náà nígbà yẹn. Ara wọn ni wọ́n tijú fún. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ilé ń gbà di ìwà nìyẹn: a kọ́kọ́ pe ọmọ lórúkọ, lẹ́yìn náà ni ọmọ á máa pe ara rẹ̀ lórúkọ.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa ìbòjú. Egúngún a máa gbé agọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ egúngún kì í dá rìn. Atọ́kùn ń bẹ pẹ̀lú rẹ̀ tí ń darí rẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ agbo ilé tí ó ti jáde. Bí ẹni inú agọ̀ kò bá tilẹ̀ lórúkọ, ilé rẹ̀ lórúkọ. Òbí ni atọ́kùn ọmọ kékeré lálẹ́ Halloween, kì í sì í ṣe nítorí ìwà nìkan. Ìwádìí kan lórí ikú ojú pópó ní Amẹ́ríkà láti 1975 sí 2016 fi hàn pé ewu kí ọkọ̀ pa ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lálẹ́ ọjọ́ náà fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn alẹ́ tí wọ́n fi wé e lọ. Ẹni tí ó fi ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún òkùnkùn àti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kùnà lọ́nà méjì.

Àwọn mìíràn ní ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í lọ ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà onílé-onílé. Èmi náà kò fẹ́ kí ọmọ máa na abọ́ láìkí ènìyàn. Àṣà ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn tálákà a máa lọ láti ilé dé ilé ní àkókò ọdún àwọn òkú, wọ́n á gba àkàrà òyìnbó, wọ́n á sì gbàdúrà fún òkú onílé. Ní Scotland, ọmọ tí ó paradà gbọ́dọ̀ kọrin, tàbí kí ó ké ewì, tàbí kí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí wọ́n tó fún un ní nǹkan. Òbí tí kò fẹ́ agbe lè dá a padà sí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀: ọmọ á kí onílé, á dárúkọ ara rẹ̀, á kọ orin kan, á gba ìwọ̀n tí wọ́n bá ní kí ó mú, á dúpẹ́. Ẹni tí ó fi nǹkan gba nǹkan kì í ṣe alágbe.

Ní ti ẹ̀sìn, mi ò ní kí Kristẹni tàbí Mùsùlùmí tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á lọ ṣe é. Ọdún náà ní gbòǹgbò ní ilẹ̀ Ireland kí ẹ̀sìn Kristi tó débẹ̀, ó sì tún jẹ́ alẹ́ tí ó ṣíwájú ọdún àwọn Ẹni Mímọ́ ní 1 oṣù kọkànlá. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ ní ìdí. Ní Amẹ́ríkà, bí onílé bá pa iná ẹnu ọ̀nà, yóò yé aládùúgbò pé kò sí Halloween níbẹ̀. Ìyẹn tó. Kí a ṣílẹ̀kùn láti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé iṣẹ́ èṣù ni ìyá rẹ̀ rán an, kò sí ọmọlúàbí nínú rẹ̀. Àwọn ìjọ tí ń ṣe ayẹyẹ tiwọn lálẹ́ yẹn, tí wọ́n ń wọ ọmọ láṣọ bíi Dáfídì tàbí Ẹ́sítérì, kò bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò kan náà. Dáfídì tí ń bù súìtì ní ẹ̀kúnwọ́ nígbà tí olùkọ́ yíjú kò sàn ju ọmọ tí ó wọṣọ egungun lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni ti àgbà, ibẹ̀ ni ó sì wúwo jù. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé àjèjì lè fi májèlé sínú súìtì. Joel Best, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Delaware, ti wádìí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì rí ẹyọ kan tí ó dájú pé àjèjì fi súìtì Halloween pa ọmọ tí kò mọ̀ rí. Ọ̀kan tí ó hàn gbangba, ní Texas ní 1974, baba ọmọ ni ó pa á nítorí owó ìbánigbófò. Ó dára kí a yẹ súìtì wò, ṣùgbọ́n kí a má kọ́ ọmọ pé ọ̀tá ni gbogbo aládùúgbò. Ní 2011, Jimmy Kimmel, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn òbí purọ́ fún ọmọ wọn pé àwọn ti jẹ súìtì wọn tán, kí wọ́n sì ya ẹkún ọmọ sí fídíò. Wọ́n ní àwàdà ni. Àwàdà tí ó bá fi irọ́ pa ọmọ lẹ́kún, tí ó sì gbé ẹkún náà fún gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, ti sọ ọmọ di ohun ìṣeré nínú ilé tí ó yẹ kí ó ti gba ọ̀wọ̀. A kò lè sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́la pé kí ó sọ òótọ́, kí ó má sì mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìdájọ́ mi kò fi sí lórí aṣọ iwin. Òbí tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó jáde, tí ó kọ́ ọ ní ìkíni, tí ó bá a rìn, tí ó ń bi ọmọ ẹlòmíràn lórúkọ lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín súìtì fún àbúrò, ti lo alẹ́ kan dáadáa. Èyí tí kò ṣe ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀bi ru ọmọ kékeré bí ìwà bá bàjẹ́. Òun ni a ó bi.