Ẹjọ́ Ẹni Tí Kò Tíì Ṣẹ̀

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni yàrà àti odi amọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Erédò Sùngbọ́. Ó gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé téèyàn bá dúró nísàlẹ̀ yàrà náà tó wòkè, bíi ilé alájà mẹ́fà ló máa rí. Tí ẹ bá ti dé Òkè-Èrì rí, ẹ ó ti gbọ́ orúkọ Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní ó ni iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà wa ṣì máa ń fi ṣògo pé láyé ijọ́hun, àjèjì kì í ṣàdédé wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìbọn òyìnbó ló já ilẹ̀kùn yẹn ní Ìmàgbọn, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni àṣà ìrònú tó fi lé wa lọ́wọ́: pé òde ni ewu ti ń wá, àti pé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ò ju kó dá ojú àjèjì mọ̀ lọ.

Ara èèyàn náà ní odi tiẹ̀, ìyẹn awọ ara. Ṣùgbọ́n odi ò tó. Kòkòrò àìsàn ń gba imú, ẹnu àti ojú ọgbẹ́ wọlé, nítorí náà ara ní ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Lára wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé, báwo ni ẹ̀ṣọ́ ṣe máa dá kòkòrò tí kò rí rí mọ̀? Àrùn Kòrónà ò tíì sí nígbà tí wọ́n bí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí. Síbẹ̀ nígbà tó dé, ara ti ní sẹ́ẹ̀lì tó lè dì í mú.

Ìdáhùn rẹ̀ jọ ìtàn Àjàlá. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run, ló ń mọ orí. Ẹni tó ń bọ̀ wáyé á wọ ilé rẹ̀ lọ yan ọ̀kan, kò sì ní mọ èyí tó jinná yàtọ̀ sí èyí tí òjò máa fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì T. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń ṣẹ̀ wá. Wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ibì kan lẹ́yìn egungun àyà, lókè ọkàn, tí wọ́n ń pè ní thymus. (Ibẹ̀ ni lẹ́tà T inú orúkọ wọn ti wá.) Níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á gé àjákù jíìnì kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn bó bá ṣe bọ́ sí i, títí tó fi máa ní irú ọwọ́ kan tó jẹ́ tiẹ̀, èyí tó máa fi di nǹkan mú. Àwa tó ń kọ kóòdù mọ ohun tí wọ́n ń pè ní random. Òun gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ro ti Kòrónà nígbà tí wọ́n ń ṣe ọwọ́ yẹn. Àwọn ọwọ́ náà kàn pọ̀ lóríṣiríṣi débi pé ọ̀kan á ṣáà bá a mu.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé random ò mọ ará ilé yàtọ̀ sí ará oko. Ọwọ́ tó lè di kòkòrò mú lè di ẹ̀dọ̀ ẹni náà mú. Ìdí nìyẹn tí thymus fi jẹ́ ilé ìdánwò. Kì í ṣe bíi régbérégbé tiwa, tó jẹ́ pé ọdún tí wọ́n bí ẹ ló máa sọ ẹgbẹ́ tó o máa bá jáde l'Ójúde Ọba.

Apá òde thymus ni ìdánwò àkọ́kọ́ wà. Sẹ́ẹ̀lì ara wa ní nǹkan kan bí àwo kékeré tó fi ń gbé díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú ẹ̀ síta kí ẹ̀ṣọ́ wò ó. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé o lè ka àwo àwọn èèyàn rẹ? Èyí tí ọwọ́ ẹ̀ bá bá àwo náà mu díẹ̀, á gba àmì pé kó máa wà láàyè. Èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá a mu rárá, wọn ò ní pa á o. Wọn ò kàn ní pè é ni. Ó láǹfààní láti tún apá kan ọwọ́ rẹ̀ tò, bí ẹni tó padà sílé Àjàlá, ṣùgbọ́n tí ìpè ò bá dé láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó tán nìyẹn. Ikú àìpè yìí ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìdánwò kejì wà nínú lọ́hùn-ún, òun ló sì le jù: ṣé o máa fọwọ́ kan àwọn èèyàn rẹ? Ẹ rò ó wò. Ẹ̀ṣọ́ tó wà láyà, báwo lẹ ṣe máa dán an wò bóyá ó máa kọlu ojú, tàbí ibi tí insulin ti ń jáde nínú ikùn? Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ AIRE. Ó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú thymus máa ṣe àpẹẹrẹ díẹ̀díẹ̀ lára ohun tí àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ń ṣe, insulin wà nínú wọn. Ó dà bí ìgbà tẹ́nì kan kó díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo ọjà ìlú sínú ṣọ́ọ̀bù kan. Nínú iṣẹ́ tiwa, kóòdù tí ò bá tíì kojú ẹ̀dà dátà gidi, a kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá rí ohun tó jẹ́ ti ara, tó sì dì í mú pinpin, wọ́n á pàṣẹ fún un pé kó pa ara ẹ̀, àwọn mìíràn á sì gbé òkú ẹ̀ mì.

Nínú 100 tó wọlé, àwọn tó ń jáde láàyè ò tó 5. Abájọ tí àwọn onímọ̀ kan fi rò fún ìgbà pípẹ́ pé ibi ìsìnkú sẹ́ẹ̀lì lásán ni thymus, títí di 1961 tí Jacques Miller yọ ọ́ kúrò lára àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tó sì rí i pé wọn ò lè bá àìsàn jà mọ́.

Mo ń sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jọ́ tí iná lọ, tí bátìrì laptop àwa méjèèjì ti ń lọ sópin. Ó ní, "Ṣé o rí i! Ìṣẹ̀dá gan-an kì í dúró de ẹ̀ṣẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pa yẹn ò tíì ṣe nǹkan kan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò." Ó ní tí ọlọ́pàá bá dá ọmọkùnrin kan dúró nítorí pé ó jọ ọmọ Yahoo, ohun tí ara ń ṣe lòun náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé laptop wà lórí itan òun náà bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìdáhùn tó rọrùn ni pé sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe èèyàn. Kò retí ọ̀la, kò ní ìyá tó ń wojú ọ̀nà dè é. Ojoojúmọ́ ni mò ń pa iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ nínú kọ̀ǹpútà, mi ò sì tíì ṣọ̀fọ̀ ọ̀kan rí. Ara ló ni sẹ́ẹ̀lì. Kò sí ìlú tó ni èèyàn. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbára lé òun nìkan, torí pé àwọn tó fẹ́ pa èèyàn rẹpẹtẹ, pípè é ní ohun tí kì í ṣe èèyàn ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní Rùwáńdà ní 1994, aáyán ni rédíò ń pe àwọn Tutsi.

Mo fẹ́ kí ẹ wo àwọn tó jókòó sídìí ìdánwò yẹn dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ò lọ ṣèdánwò ní thymus, ti ojú ò lọ, ti awọ ò lọ. Àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ohun ìjà lé lọ́wọ́ ló ń lọ. Ará ìlú ni ìwé ìdánwò, ẹ̀ṣọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti yí i po: ó gbé ọmọ tó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, ó fi ẹni tó gbé ìbọn ṣe olùdánwò. 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ láti gbógun ti adigunjalè. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ ti kún títì, wọ́n ń pariwo pé àwọn ni SARS ń pa, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn pé àwọn ti tú u ká. Tó bá jẹ́ pé ara la fẹ́ fi ṣe àkàwé, SARS ló yẹ kí ìbéèrè méjèèjì yẹn bá kí wọ́n tó fún un níbọn.

Ibí sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnì kan ò tíì dá ti rọ̀ mí lọ́rùn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fìdí rẹmi á kú. Èèyàn tó bá fìdí rẹmi, ìbọn la ò ní fún un. Á lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, á lọ ta búrẹ́dì, kò sí ìyà tó jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn ìjọba, nítorí náà ẹ lè fura sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀ bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n rírìn lójú títì, ẹ̀tọ́ gbogbo wa ni.

Àǹtí mi kan ní lupus. Oríkèé ara ló kọ́kọ́ ń dùn ún, lẹ́yìn náà nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sú sí i lójú, kó tó wá kan kíndìnrín. Kí dókítà tó sọ orúkọ àìsàn náà, ilé ti dájọ́: ayé ni. Wọ́n tún mọ ẹni tó ni ọwọ́ ayé ọ̀hún, ìyá àgbà kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wọn. Bí ikú ilé ò pani, ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Òwe yẹn bá àìsàn náà mu ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí pé nínú lupus, ẹ̀ṣọ́ ara ẹni fúnra ẹ̀ ló ń kọlu ara. Ìdánwò thymus ò pé; àwọn kan máa ń yọ́ jáde. Oògùn tí àǹtí mi ń lò báyìí, hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine ni, èyí tó máa ń mú wa họra láyé ibà ọjọ́un. Ó ń rọ ẹ̀ṣọ́ yẹn lójú ni. Ara àǹtí mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ìyá ẹ̀yìnkùlé ní tiẹ̀, àwọn kan nínú ilé ò tíì máa kí i títí dòní.

Ara gan-an mọ̀ pé ìdánwò ò pé. Ní 1995, Shimon Sakaguchi ní Jápáànù fi hàn pé irú sẹ́ẹ̀lì T kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti mú àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù rọlẹ̀. Òun, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2025 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé inú àwọn tó di ohun tó jẹ́ ti ara mú nínú thymus ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Wọ́n sún mọ́ ọ̀fìn ikú, wọn ò sì kú. Wọ́n fi wọ́n jẹ onílàjà.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó wá ní, "95 dànù ká tó rí 5? Ìjọba wo ló lówó ìyẹn?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun tí mo sọ fún un ni ti Keneba ní Gáńbíà, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń tẹ̀ lé àwọn ará abúlé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ní 1997, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé níbẹ̀, àwọn tí wọ́n bí lásìkò ìyàn, kí ìkórè tó dé, ń kú ní rèwerèwe ju àwọn tí wọ́n bí lásìkò ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo àyà àwọn ìkókó, thymus wọn kéré sí i lásìkò ìyàn, kódà nígbà tí wọ́n ti fi ti ìwọ̀n ara ọmọ sínú ìṣirò. Interleukin-7, ohun kan nínú ọmú ìyá tó ń ran thymus lọ́wọ́, dínkù lásìkò náà. Ọmọ ń mu ọmú, ìyá sì ń gbé e pọ̀n lọ sóko, kò sóhun tí ojú rí. Ilé ìdánwò lọ́hùn-ún ti ń rù.

Ó ní kí n bá òun ṣírò oṣù tí ìyàwó òun máa bímọ.