Gbèsè tí a jẹ ewéko inú ilé gíláàsì

Ewéko tó hù fúnra rẹ̀ nínú igbó kò retí ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òjò ń rọ̀ sí i, gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi kiri. Bí òjìji bá bò ó, á tẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tàbí kó kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èèyàn bá hú u, tó gbìn ín sínú ìkòkò, tó gbé e wọ ilé tí a fi gíláàsì kọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òrùlé ti gba òjò lọ́wọ́ rẹ̀, ìkòkò ti sé gbòǹgbò rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó ń wá fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ẹlòmíràn ní láti fún un. Gbèsè gidi ni mo ka ìyẹn sí. Mo sì gbà pé ṣáájú omi àràárọ̀, ṣáájú ajílẹ̀, pẹpẹ tí a máa to ìkòkò sí ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ẹni tó ń yan pẹpẹ lè rò pé ọjà lásán lòun ń rà, bẹ́ẹ̀ òfin ló ń ṣe: ó ti ń pinnu èyí tí yóò rí oòrùn, èyí tí yóò wà lábẹ́ òjìji àti èyí tí atẹ́gùn yóò fẹ́ sí, kí ìkòkò kankan tó wọlé.

Ẹ wò ó bó ṣe rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé gíláàsì ti wọ́pọ̀ lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn. Oòrùn ìgbà òtútù níbẹ̀ kì í gòkè púpọ̀, ìhà gúúsù ló sì ti ń tàn wọlé. Bí wọ́n bá gbé pẹpẹ tó ga sí ìhà gúúsù, òjìji rẹ̀ yóò bo ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù tí ìmọ́lẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù. Bí wọ́n bá gbé e sí àríwá, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Pẹpẹ òkè tó sún mọ́ gíláàsì máa ń gbóná ju tìsàlẹ̀ lọ ní ọ̀sán ìgbà ooru, ilẹ̀ inú ìkòkò ibẹ̀ á sì tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n lóru ìgbà òtútù, ewé tó fara kan gíláàsì ni òtútù kọ́kọ́ ń pa. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi àlàfo sáàárín wọn ń jẹ́ kí omi ro dànù, kí afẹ́fẹ́ sì gba abẹ́ ìkòkò kọjá, ewé kì í sì í tètè bu. Pẹpẹ tí ojú rẹ̀ dí, tí a da òkúta wẹẹrẹ tútù sí, ń mú kí ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́ nígbà ooru, ìyẹn sì ni ewéko igbó kìjikìji fẹ́. Ìwúwo tún ńkọ́? Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ìkòkò 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mu lítà 2 ti fi kílò 40 kún ẹrù pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ pákó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rinrin. Inú rere ẹni tó ń bomi rin kò lè tún ìkankan ṣe nínú ìwọ̀nyí bí ìpìlẹ̀ bá ti wọ́.

Ìtàn jẹ́rìí sí i. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ewéko tí wọ́n bá fi ọkọ̀ ojú omi kó láti òkèèrè ló máa ń kú sójú ọ̀nà. Àwọn tó ń tọ́jú wọn kì í ṣe ìkà. Iyọ̀ òkun, òkùnkùn inú ọkọ̀ àti omi mímu tó ṣọ̀wọ́n ló borí ìtọ́jú wọn. Ní 1829, dókítà kan ní London, Nathaniel Bagshaw Ward, kíyè sí i pé fẹ́ẹ̀nì kan hù nínú ìgò tí a dé pa, tí ilẹ̀ tútù wà nínú rẹ̀. Ó wá ṣe àpótí onígíláàsì, ó kó ewéko sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí Sydney ní 1833. Wọ́n débẹ̀ láàyè. Orí ọkọ̀ níta ni wọ́n gbé àpótí náà sí kó lè rí ìmọ́lẹ̀, omi tó sì ń jáde lára ewé ń padà ro sórí ilẹ̀ inú rẹ̀. Ìfẹ́ àwọn atukọ̀ kò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibi tí wọ́n fi ewéko sí ló yàtọ̀. (Àpótí yìí náà ni wọ́n fi kó igi tíì kúrò ní Ṣáínà lọ sí Íńdíà fún èrè àwọn òyìnbó amúnisìn, kò sì yẹ ká gbójú fo ìyẹn.)

Ẹ̀sìn tó wà láàárín wa kò jìnnà sí èrò yìí. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ìmọ́lẹ̀ àti ilẹ̀ gbígbẹ ti wà kí ewéko tó hù, èèyàn ló sì dé kẹ́yìn. Al-Kùránì, nínú Súrà Ar-Rahman, sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tí a gbé kalẹ̀ àti ilẹ̀ tí a tẹ́ fún àwọn ẹ̀dá. Nínú ìtàn Ifẹ̀, a kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sójú omi, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tàn án ká. Mi ò sọ pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, nínú wọn, Ẹlẹ́dàá kì í fi ìwà láàyè ta ẹ̀dá lọ́rẹ láìkọ́kọ́ pèsè ibi tí yóò gbé. Bí èèyàn bá wá fẹ́ ṣe bí olùpèsè nínú ilé gíláàsì kékeré, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìparí rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ewéko kò ní ọkàn, kò mọ̀ bóyá ibi dáadáa ni a gbé e sí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àtakò yìí lágbára, mi ò sì ní díbọ́n pé ewéko ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ ọmọ inú oyún sí níkàáwọ́ jẹ ọmọ náà ní ìṣọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kò tíì mọ nǹkan kan. Ọwọ́ ẹni tó gba àṣẹ ni ojúṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewéko sì ní ire tirẹ̀, kódà bí kò mọ̀ ọ́n: Aristotle ti rí i látijọ́ pé ó ní ẹ̀mí tó ń bọ́ ara rẹ̀, tó sì ń dàgbà. Ohun tí mo gbà ni pé gbèsè náà kéré sí èyí tí a jẹ ajá, ó sì kéré gan-an sí èyí tí a jẹ èèyàn. Gbèsè kékeré ṣì jẹ́ gbèsè.

Àwọn mìíràn á ní ìdájọ́ òdodo ni pé kí gbogbo ìkòkò máa gba ipò òkè ní ìyípo. Ẹ gbé fẹ́ẹ̀nì sókè, ewé rẹ̀ á jó. Ẹ gbé kákítọ́ọ̀sì sísàlẹ̀, á na ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lè gbé ara rẹ̀ dúró. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò ló yẹ kó pinnu ibi tí yóò wà. Ìyípo tọ́ láàárín tòmátì kékeré méjì tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tí àyè ìmọ́lẹ̀ kò sì tó fún méjèèjì. Ohun tí ewéko nílò tún ń yí padà bó ṣe ń dàgbà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tiwa mọ èyí dáadáa: wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lórí kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, wọ́n á sì máa dín imọ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀ títí kòkó yóò fi le tó láti lọ sóko. Pẹpẹ tí a kàn mọ́lẹ̀ pátápátá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ èyí tó ṣeé gbé sókè sódò.

Àtakò tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé a lè sọ èrò yìí di ti ènìyàn, ká ní a ti dá olúkúlùkù mọ́ pẹpẹ tirẹ̀, kí tálákà wà nísàlẹ̀ nítorí pé ìsàlẹ̀ ló bá a mu. Mo kọ̀ ọ́ tọkàntọkàn. Ìsàlẹ̀ pẹpẹ dára fún fẹ́ẹ̀nì nítorí ohun tí fẹ́ẹ̀nì jẹ́; kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀dá ènìyàn tó mú kí òṣì bá a mu. Ènìyàn tún lè sọ̀rọ̀, ó lè ní ibi tí wọ́n fi òun sí kò tọ́, ó sì lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tó kọjá láti inú ilé gíláàsì sọ́dọ̀ wa ni pé ẹni tó to ibùgbé fún ẹlòmíràn kò lè fi àánú ojoojúmọ́ bo ètò burúkú mọ́lẹ̀.

Ní ti owó, bíríkì díẹ̀ àti pákó tó nípọn tó láti gbé ẹrù rẹ̀ lè ṣe pẹpẹ tó dára. Kò dìgbà tí a bá ra ti alumíníọ́mù. Ohun tó ṣòro ni kí pẹpẹ kún, kí ọ́kíìdì arẹwà kan wà lọ́jà, kí ẹni tó lówó láti rà á sì fi í sílẹ̀ nítorí pé kò sí àyè ìmọ́lẹ̀ tó kù fún un.