Òṣùwọ̀n Méjì Nínú Àpò Kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Deutarónómì 25:13-16, níbi tí Ọlọ́run ti kọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ láti máa kó òṣùwọ̀n ńlá àti kékeré pọ̀ sínú àpò kan.

Ọ̀ràn yìí yé àwa nọ́ọ̀sì. Bí a bá ń kọ iye omi tí aláìsàn mu, tí a kọ ti wọ́ọ̀dù nìkan, tí a kò ka èyí tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá nínú fúláàsì, irọ́ ni ìwé náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò èéfín kábọ́ònù tó ń mú ayé gbóná. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà, a máa ń rajà ní Al-Balad, àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta iyùn inú Òkun Pupa kọ́. Fèrèsé onígi ilé ibẹ̀ ń gba atẹ́gùn òkun wọlé láìlo iná mànàmáná. Ní ilé tiwa, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi tọ̀sán tòru. Epo àti gáàsì ni wọ́n ń sun kí iná rẹ̀ tó dé. Àwọn ìyá wa tó wá ṣe Hájì a máa ra aṣọ àti abọ́ tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, wọn a kó o lọ sí Èkó. Ọrùn ta ni èéfín rẹ̀ wà? Ìwé ìjọba sábà máa ń kọ ọ́ sọ́rùn ilẹ̀ tó ṣe é. Bí a bá kọ ọ́ sọ́rùn ẹni tó rà á, ti Ìlú Ọba tí a ń gbé yìí yóò pọ̀ sí i gidigidi. Èéfín ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ẹ̀gbẹ́ ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọn kì í rò ó mọ́ àròpọ̀ ilẹ̀ kankan nínú ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Láti Èkó dé Jẹ́dà tó 4,200 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀, ìpín èrò kan tó bíi 750 kìlógíráàmù, èyí tó ju ti ọmọ Nàìjíríà kan fún odindi ọdún, bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ má fi àwọn alálàájì rẹ́rìn-ín o! London sí Èkó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa náà sì ń lọ sí Jerúsálẹ́mù. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sin ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún nítorí aṣọ ẹbí, ẹ jẹ́ kó ṣírò rẹ̀.

Ní Hájì ọdún 2024, ooru Mẹ́kà dé 51.8 lórí ìwọ̀n Celsius, àwọn tó kú sì ju 1,300 lọ. Ìkún omi ọdún 2022 pa èèyàn tó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ ìrìn àjò Jerúsálẹ́mù wa kí wọ́n kọ iye kìlómítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gba orúkọ.