Awọ Tí Ìkòkò Hù Fúnra Rẹ̀

Bí àlejò bá wọ Badarawa ní ìlú Kàdúná, kò ní pẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ Yorùbá tí ń fi Haúsá ná ọjà lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò yíjú sínú ilé, tí yóò sì fi Yorùbá dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Àwọn àgbà kan nílé a máa ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń díbọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbà wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìkòkò alumíníọ̀mù kì í wà ní ìhòòhò. Bí a bá ti ha á báyìí, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ ọn di ọ́sáìdì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí bébà kan ṣoṣo fi ìlọ́po tí ó ju 10,000 lọ nípọn jù ú lọ. Awọ náà a dì pinpin, ọ́síjìn kò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni irin ń bá pàdé, pẹ̀lú omi. Ṣùgbọ́n ìpẹtà tirẹ̀ a máa wú, a máa ṣí, a sì máa ṣílẹ̀kùn fún òmíràn títí irin yóò fi tán.

Awọ ìkòkò kì í ṣe ọ̀dà tí a fi kùn ún. Ara ìkòkò wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ibi tí ó wà náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, n kò gbà pé àdíbọ́n ni Haúsá ọmọ Badarawa.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi kán-ún se ẹ̀wà nínú ìkòkò yìí yóò rí i pé inú rẹ̀ ń dúdú. (Ìkòkò amọ̀ kò mọ wàhálà yìí.) Kán-ún, tí sódíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ni ó ń yọ́ awọ náà, tí ó sì ń jẹ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni kán-ún ti ọmọ ènìyàn. Nígbà tí rògbòdìyàn òfin Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kó kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé láti ìgbà èwe. Bí a bá ṣan kán-ún kúrò, awọ ìkòkò a tún hù. Èyí tí ó ti bá ọbẹ̀ lọ kì í padà.

Ọ̀rọ̀ irin ni ó ṣòro fún mi. Ẹni tí àjò jẹ tán, tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ mọ́, a máa ń dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ irin kò yan ìpẹtà rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ni èmi ń bi léèrè. Bí a bá po kúrómíọ̀mù bí ìdá 11 nínú 100 mọ́ irin, òun náà a hu awọ tí ó dì pinpin. Ìgbà tí irin ṣì wà ní yíyọ́ nínú iná ni a ń pò ó.