Iye Owó àti Iye Ohun: Nípa Gígun Afárá Ńlá ti Sydney

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé wa yìí lóṣooṣù, ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó kan olúkúlùkù wa ni ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ènìyàn bá rin ìrìn-àjò dé ìlú Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí ó sì rí afárá irin ńlá tí ó wà ní èbúté ibẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó san owó tí ó ju 200 dọ́là ilẹ̀ náà lọ kí amọ̀nà lè mú un gun afárá náà dé ṣóńṣó, nígbà tí ó jẹ́ pé ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá lórí afárá kan náà láìsan kọ́bọ̀? Àwọn kan ń wí pé ẹni tí kò bá gùn ún kò tíì rí Sydney. Àwọn mìíràn ń wí pé ìwà òmùgọ̀ ni kí ènìyàn máa fi owó ra afẹ́fẹ́. A kò gbà pé òótọ́ pé sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nítorí náà a fẹ́ fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí a lè mọ bí ènìyàn ṣe ń dá a mọ̀ pé ohun kan tó iye tí a ń béèrè lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ohun tí afárá náà jẹ́. Ní ọdún 1923 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, a sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, ọdún 1932. John Bradfield ni olórí onímọ̀-ẹ̀rọ tí ó ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà fún ìjọba; ilé-iṣẹ́ Dorman Long, ti ìlú Middlesbrough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Irin rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè lórí omi. Láti ìdí rẹ̀ kan dé ìdí èkejì jẹ́ mítà 503, ṣóńṣó rẹ̀ sì ga ju omi lọ ní mítà 134. Láti bèbè méjèèjì ni a ti ń kọ́ ọ bọ̀, a sì fi okùn irin fa apá kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn kí ó má baà ṣubú sínú omi, títí apá méjèèjì fi pàdé ní àárín ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1930. Ìṣó irin gbígbóná tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́fà ni a fi kàn án pọ̀. Ẹnìkan a mú ìṣó pípọ́n láti inú iná, a jù ú sókè. Ẹnìkejì a sì fi korobá hán an, ní ibi gíga tí kò ti sí ohunkóhun tí yóò gbà á bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Ènìyàn 16 ni ó kú nínú iṣẹ́ náà kí ó tó parí.

Àwọn baba wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí níti afárá yìí. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè gbà á láìsan owó. Ọ̀nà kejì ni ilé-ìṣọ́ olókùúta kan, ọ̀kan nínú mẹ́rin tí ó dúró ní ìdí afárá náà, méjì ní bèbè kan, méjì ní bèbè kejì. A ń gun àtẹ̀gùn 200 nínú rẹ̀, a sì ń bọ́ sí ibi tí ó ga ju omi lọ ní mítà 87. Nínú rẹ̀ ni a kó ìtàn kíkọ́ afárá náà sí fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́, owó tí a sì ń gbà níbẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti gígun orí irin.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paul Cave ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà fún un, a sì ṣí ọ̀nà náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọdún 1998. Ẹni tí yóò gba ọ̀nà yìí dé ṣóńṣó yóò kọ́kọ́ mí sínú ẹ̀rọ tí ń fi hàn bí ènìyàn bá ti mu ọtí. Yóò wọ aṣọ tí a pèsè fún un, yóò sì fi gbogbo ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àní ẹ̀rọ ayàwòrán pàápàá, kí ohun kan má baà já lé orí àwọn tí ń wa ọkọ̀ kọjá nísàlẹ̀. A ó fi ìgbànú dì í mọ́ okùn irin tí ó gba ojú ọ̀nà náà já, amọ̀nà yóò sì máa bá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń gòkè. Ó ń gbà tó wákàtí mẹ́ta tàbí kí ó lé díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Láti orí ilé-ìṣọ́ dé ṣóńṣó irin jẹ́ mítà 47 péré. Kí ni ó wà nínú mítà 47 náà tí owó rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bí ó bá ṣe pé ojú nìkan ni a ń bọ́, a ní láti wí òótọ́ pé kò sí ohun púpọ̀ níbẹ̀. Láti orí ilé-ìṣọ́ ni a ti lè rí èbúté náà káàkiri, àti àwọn ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀, àti ilé orin ńlá olórùlé funfun tí a ṣí ní ọdún 1973. Ẹni tí ó bá rí gbogbo ìwọ̀nyí fún owó kékeré, tí ó sì padà sí ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ kò pàdánù ohun tí ó tó kí ó sunkún lé lórí. Nítorí náà àwọn tí ń wí pé ẹni tí kò bá gun irin kò tíì rí Sydney, àsọdùn ni wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú nìkan ni ó ń rìnrìn-àjò. Ẹni tí ó dúró sínú ilé-ìṣọ́ ń wo iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó gun irin ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ń rìn láàárín àwọn ìṣó wọ̀nyẹn, ó sì ń gba ibi gíga tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà. Àwọn kan a máa fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, wọn a ní, Irú akin wo ni ẹni tí a fi okùn so mọ́lẹ̀? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀. Igbà ni ó ń di adẹ́mu mọ́ ara ọ̀pẹ, kò sì sí ẹni tí ó ń wí pé nítorí igbà náà, adẹ́mu kò gun ọ̀pẹ. Okùn kì í mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn pátápátá; ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí àṣìṣe kan ṣoṣo di ikú. Nínú owó ńlá náà, apá kan ni owó okùn yìí, àti owó amọ̀nà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, àti ti àwọn tí ń tọ́jú ọ̀nà náà. Bí àwọn tí ó kọ́ afárá náà bá ti ní irú ààbò yìí, bóyá iye àwọn tí ó kú ì bá tí tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí owó ààbò bí owó tí a jù sínú omi.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó wúwo ju èyí lọ. A lè bi wá pé, Nígbà tí ó ṣe pé ará ilé ẹni wà tí kò ní owó ilé-ìwé ọmọ, ta ni ó yẹ kí ó fi owó bẹ́ẹ̀ gun irin? A kò lè fi ẹ̀rín dá èyí lóhùn. Àwọn kan a máa dáhùn pé ẹni tí ó ti san owó ọkọ̀ òfurufú dé Ọsirélíà ti ná owó tí ó ju ìyẹn lọ púpọ̀, kí ni 200 dọ́là lẹ́yìn rẹ̀? A bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra fún irú ìdáhùn yìí. Owó tí a ti ná ti lọ. Kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún owó tí a kò tíì ná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ti ipa ọ̀rọ̀ yìí wọ gbèsè, tí wọ́n ń fi ìnáwó àná ṣe àwíjàre fún ti òní. Ṣùgbọ́n bí a bá tún wí pé a kò gbọ́dọ̀ ná owó sórí ìdùnnú kankan níwọ̀n ìgbà tí aláìní kan bá wà láyé, a jẹ́ pé a ti ka ìrìn-àjò gbogbo léèwọ̀, àti ìwé kíkà, àti orin, àti aṣọ ọdún. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí yóò máa wí pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ìrìn-àjò a máa la ènìyàn lójú, ó sì ní iye tirẹ̀. Ohun tí a lè fi ìdánilójú wí ni pé owó tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, ìbáà ṣe gbèsè tí a jẹ, tàbí ohun tí a ti ṣèlérí fún àwọn tí ń wo ojú wa, kò sí lára owó tí a lè fi gun afárá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sì kíyèsí ọ̀nà tí a ń pè ní ọ̀fẹ́. Ǹjẹ́ ọ̀fẹ́ ni ní tòótọ́? Owó tí a yá láti fi kọ́ afárá náà, ọdún 1988 ni a tó san án tán, èyíinì ni ọdún 56 lẹ́yìn tí a ṣí i. Owó ibodè tí àwọn awakọ̀ ń san ni a fi san gbèsè náà. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí i, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń san kọ́bọ̀ mẹ́fà, ẹni tí ó gun ẹṣin ń san kọ́bọ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ilé ni a wó kí ọ̀nà rẹ̀ lè là, ọ̀pọ̀ ayálégbé ni ó sì kó jáde láìrí owó ìtanràn gbà. Àwọn 16 tí a ti dárúkọ iye wọn san ju gbogbo ènìyàn lọ. Arìnrìn-àjò tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lónìí láìsan kọ́bọ̀, ẹlòmíràn ni ó ti bá a san. Ẹni tí ń gun irin, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń san apá kan nínú tirẹ̀. Láti inú èyí ni a ti lè kọ́ pé iye tí a kọ sára ohun kan kò tó láti fi mọ iye tí ohun náà jẹ́. Ohun tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lè jẹ́ ohun iyebíye, kí ohun tí a rà lówó gọbọi sì jẹ́ òfìfo.

Àwọn ilé-ìṣọ́ mẹ́rin wọ̀nyẹn pàápàá ní ẹ̀kọ́ kan fún wa. Ẹni tí ó bá wò wọ́n láti òkèèrè yóò rò pé àwọn ni ó gbé irin ńlá náà ró, nítorí òkúta líle ni a fi bò wọ́n, wọ́n sì ga. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ó gbé e ró. Ìdí irin náà, tí ó jókòó nísàlẹ̀ níbi tí ojú kì í sáàbà wò, ni ó ru ẹrù náà. Ẹwà ni a ṣe ilé-ìṣọ́ fún. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń náwó nínú ìrìn-àjò. Ìdí tí a ń sọ jáde lẹ́nu ni ìmọ̀ àti ìdùnnú. Ìdí tí ó ru ẹrù náà ní ìsàlẹ̀ ni pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lè gbọ́ pé a dé ibẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bi wá léèrè, ohun mẹ́ta ni a ó ní kí ó bi ara rẹ̀. Èkíní, ti ta ni owó yìí? Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn lọ́nàkọnà, ọ̀rọ̀ ti parí, kí ó gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ti san án. Èkejì, bí òfin bá wà pé ẹni tí ó gùn ún kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí láé, ǹjẹ́ yóò ṣì gùn ún? Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí a ti wí pé ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ kì í bá a gòkè. Àwòrán tí ó bá mú bọ̀, ọwọ́ àwọn tí ó mú un gòkè ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá dáhùn pé òun yóò ṣì gùn ún, ohun náà gan-an ni ó fẹ́. Ẹni tí ó bá ń lọ́ra, ìyìn ni ó fẹ́ rà, kò sì sí ìyìn tí ó ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Ẹ̀kẹta, kí ni yóò fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀? Owó kan náà lè mú un gbé ìlú náà fún ọjọ́ kan sí i, kí ó rí àwọn òkè àti igbó tí ó yí i ká, kí ó sì bá àwọn ará ibẹ̀ jẹun.

Ìdájọ́ tiwa nìyí. Fún ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ilé-ìṣọ́ tó, ó sì tó dáradára. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí owó náà jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́, tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń wú lórí, tàbí tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń bá ìbẹ̀rù ibi gíga jà tí ó sì fẹ́ dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a kò lè pe owó náà ní òfò. Ẹni tí ọjọ́ orí tàbí àìlera kò sì jẹ́ kí ó gùn ún, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún un pé ìrìn-àjò rẹ̀ kò pé. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òǹkà lè sọ fún wa iye tí ohun kan ń náni, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni a ní láti jókòó, kí a sì rò ó bóyá ó yẹ kí a ná an.