Ta Ni Ó Ni Ọjọ́ Òṣìṣẹ́?

Bí ẹnì kan bá gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti bá a ṣiṣẹ́, kí ni ohun náà gan-an tí ó tà fún un? A mọ̀ pé kò ta ara rẹ̀, nítorí ẹni tí a bá rà ni à ń pè ní ẹrú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé agbára rẹ̀ ni ó tà, àwọn mìíràn a sì ní ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀ràn náà dáradára, a ó rí i pé ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ń tà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ sì jẹ́ ọjà tí ẹni tí ó bá tà á kò lè rí rà padà mọ́. Nítorí náà ni a fi rò pé ó yẹ kí a bèèrè èwo nínú ọjọ́ náà ni ti olówó, èwo ni ti òṣìṣẹ́, àti ẹni tí ó fi ààlà sí àárín méjèèjì.

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ẹdúnàbọ̀n àti ní àwọn ìlú Orígbó tí ó yí i ká, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn baba àti ìyá wa fi tọ́ ọmọ. Iṣẹ́ wọ̀nyí le. Ẹni tí ó bá ti kọ ebè láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí kò ní sọ pé eré ni òun ń ṣe. Síbẹ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí ní ibi tí wọ́n ti ń dúró. Ẹni tí ó fọ́ kòkó, tí ó kó o jọ, tí ó sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kò lè fi ipá mú un. Yóò tó bí ọjọ́ mẹ́fà kí ó tó kó o síta láti sá a, oòrùn ni yóò sì sọ ìgbà tí ó gbẹ. Àwọn obìnrin Ìpetumodù tí ń mọ ìkòkò mọ èyí jù wá lọ. Bí ó ti wù kí ọjọ́ ọjà súnmọ́ tó, ìkòkò gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó fi iná sí i, ẹni tí ó bá sì kánjú, àfọ́kù ni yóò kó. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó lọ jókòó. A kò wí pé gbogbo ìgbà àtijọ́ ni ó dùn. Ìyàwó tí ó bá ọkọ rẹ̀ ti oko dé a máa gún iyán nígbà tí ọkọ bá na ẹsẹ̀ sábẹ́ igi; ìsinmi tí a ń ròyìn yìí, ti ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí a dúró lé lórí jù lọ ni ọ̀ràn ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá yá owó, tí kò sì ní ohun tí yóò fi dúró, a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún olówó. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé orí owó náà. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, iṣẹ́ náà kò dín gbèsè kù, àfi ìgbà tí owó bá pé. Ìdè burúkú ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì dàgbà sí ilé olówó nítorí gbèsè tí kì í ṣe tiwọn. Síbẹ̀ Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé tí ó kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, fi hàn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú rárá. Àgbàlagbà tí ó bá fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà a máa gbé ilé ara rẹ̀. Apá kan ọjọ́ ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ olówó, nígbà tí ó bá sì ti ṣe èyí tán, oko tirẹ̀ ni ó ń gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí gbèsè ti so mọ́lẹ̀, tí kò lè gbé ohùn sókè níwájú olówó rẹ̀, ní apá kan nínú ọjọ́ tí ó lè pè ní tirẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ owó oṣù dé, aago ni ó gba ipò oòrùn, ààlà náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ni aago. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, ní Èkó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí P.W.D. dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, láti ọjọ́ 9 títí di ọjọ́ 11, nígbà tí Gómìnà McCallum yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Ọ̀kan nínú àwọn ìdáṣẹ́sílẹ̀ ìṣáájú ni èyí ní ilẹ̀ wa, wákàtí ni ó sì dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà wá, owó ni ó ti gba iwájú. Ní ọdún 1945, nígbà tí orúkọ Michael Imoudu kàn káàkiri, ọ̀wọ́n ọjà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2024, títí owó oṣù tí ó kéré jù lọ fi di ₦70,000, owó náà ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í bèèrè ẹní. Ṣùgbọ́n a ti fi ọdún púpọ̀ jà lórí iye tí a ó máa ta ọjọ́ wa, a kò sì jà tó lórí ọjọ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ja ìjà méjèèjì. Robert Owen ti ń wí ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn pé kí a pín ọjọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, wákàtí mẹ́jọ fún iṣẹ́, mẹ́jọ fún ìgbádùn, mẹ́jọ fún oorun. Ní ọdún 1919 ni àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí i pé wákàtí mẹ́jọ ni kí ó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, wákàtí 48 ní ọ̀sẹ̀. Òfin Yúróòpù ti ọdún 1993 fi kún un pé wákàtí 11 ni ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí òṣìṣẹ́ ṣíwọ́ àti ìgbà tí yóò tún bẹ̀rẹ̀, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kí ó fi sinmi lọ́dún pẹ̀lú owó rẹ̀. Àwọn ará Faransé tilẹ̀ mú ọ̀sẹ̀ wá sí wákàtí 35 nípa òfin ọdún 1998 àti 2000.

Síbẹ̀ àwọn náà rí i pé aago nìkan kò tó. Láti ọdún 1991 ni àjọ kan tí ó wà ní Dublin ti ń bi àwọn òṣìṣẹ́ Yúróòpù léèrè bóyá wọ́n ń fi ìkánjú ńlá ṣiṣẹ́, àti bóyá ọjọ́ tí a dá fún wọn há jù. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, nítorí ọjọ́ òṣìṣẹ́ dàbí àpò kòkó: àpò kan náà ni, ṣùgbọ́n a lè ki í títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ wákàtí méje lè dé ilé láìní okun tí yóò fi dá ọmọ rẹ̀ lóhùn. Bí ó bá sì dé ilé tán, fóònù wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ lè pè é nígbà tí ó bá ń jẹun. Ọ̀ràn yìí ni ó mú kí Faransé ṣe òfin, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ bí wọn yóò ṣe lè kúrò nídìí irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ wa sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà físà fún àwọn tí yóò máa tọ́jú arúgbó àti aláìsàn, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gbà á lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 a dá a dúró pé kí wọ́n máa mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání; ní oṣù keje ọdún 2025 a ti ọ̀nà náà mọ́ àwọn tuntun láti òkèèrè. Wákàtí 48 ni òfin ibẹ̀ fi ààlà sí, láti ọdún 1998, ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun yọ ara òun kúrò nínú ààlà náà. Ẹni tí ó ní owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta láti san nílé, tí ó sì yá owó ọkọ̀ òfuurufú, yóò kọ ìwé náà. Yóò ṣe iṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán. Yóò wẹ ìyá onílé lóru, nígbà tí ìyá tirẹ̀ ń retí ìpè rẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n.

Àwọn kan yóò wí pé òun ni ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní ń pani. Òwe náà kò parọ́, a kò sì fẹ́ gbè sẹ́yìn ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà náà fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè owó, síbẹ̀ àṣà kò bi í bóyá ó fẹ́ yọ̀ǹda apá ọjọ́ tí ó kù, nítorí a mọ̀ pé ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ yóò ní òun fẹ́. Ẹ̀wẹ̀, apá ọjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan láti tà. Ọmọ tí kò tíì sùn ní ìpín nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni arúgbó tí ó ń retí ìpè, àti ẹbí tí ó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ tàbí sin òkú.

Ní ilẹ̀ wa, òfin iṣẹ́ fi iye wákàtí sílẹ̀ fún àdéhùn. Ó kàn wí pé ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán wákàtí kan fi sinmi, kí ó ní ọjọ́ kan nínú méje, àti ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn oṣù méjìlá. Àwa yóò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá tún jókòó ti ìjọba lórí owó oṣù, mú ọ̀rọ̀ wákàtí pọ̀ mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tí ń bá ènìyàn tajà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí di alẹ́ lè má mọ̀ pé òfin dárúkọ wákàtí kan fún òun.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí irú òfin yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn: àwọn ìyá tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ara wọn. Owó tí wọ́n fi ra ọjà, ẹ̀yáwó ni, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a sì ń wá gba ìdá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má ṣíwọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń tan iná, wọ́n sì ń dúró de ọkọ̀ tí ó kù lọ́nà, nítorí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.